Ògiri inú DNA kantíkantí

Kantíkantí tó máa ń rọ́ bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù ní jíìnì tó ń lọ bíi 14,000, wọ́n sì há mọ́ra bí ìsọ̀ inú ọjà. Àwọn ègé DNA kan wà tó ń pe jíìnì sẹ́nu iṣẹ́; ká pè wọ́n ní apàṣẹ. Ohùn apàṣẹ máa ń jìnnà, ó sì lè dé etí jíìnì tí kò bá wí. Purotéènì aláàlà ló ń dí ohùn náà lọ́nà bí ògiri.

Ẹ wo jíìnì yellow, tó ń fún kantíkantí ní àwọ̀ dúdú. (Orúkọ yẹn rúni lójú, àmọ́ àwọ̀ tí kòkòrò náà máa ń ní bí jíìnì bá bàjẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́.) Apàṣẹ ti ìyẹ́ àti ti awọ ara wà níwájú jíìnì náà, ti irun wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú ìran kan, DNA aṣíkiri tó ń jẹ́ gypsy já wọ àárín jíìnì yìí àti àwọn apàṣẹ iwájú. Gypsy gbé ojú ibi 12 tí purotéènì Su(Hw) ti ń dì mọ́ DNA dání. Bí Su(Hw) ṣe dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn purotéènì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, CP190 àti Mod(mdg4), ìyẹ́ àti ara di yẹ́lò, irun ṣì dúdú kirimú. Jíìnì ò sì bàjẹ́ rárá o! Bí Su(Hw) bá bàjẹ́, àwọ̀ dúdú á padà sára. Àmọ́ abo tí kò ní i kì í bímọ.

Ògiri míì, Fab-7, wà láàárín àwọn apàṣẹ tó ń ya ìpín ikùn sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gé e kúrò, ìpín kẹfà á máa ṣe bíi keje. Akọ tó dàgbà kì í ní ìpín keje, nítorí náà ìpín kan á dín nínú ikùn rẹ̀.

Lára ènìyàn, CTCF ni gbajúmọ̀ aláàlà. Kantíkantí náà ní in, àmọ́ ó tún ní Su(Hw), Pita àti BEAF-32; BEAF-32 yìí sábà máa ń dúró sáàárín jíìnì méjì tó kẹ̀yìn síra. Ẹ̀rí pé ìran kòkòrò yìí ti pín iṣẹ́ náà ká kò ṣòroó rí: ọlẹ̀ eku tí kò ní CTCF kì í pẹ́ kú, kantíkantí tí kò ní in sì máa ń dàgbà títí tó fi kù díẹ̀ kó jáde nínú èèpo rẹ̀.