Ibùjẹ igún: ohun tó jẹ́, àti ìdí tí mi ò fi ní í pè é ní rẹsitọ́ràǹtì

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ kọ nǹkan nípa bí wọ́n ṣe ń gbé òkú ẹran sílẹ̀ fún igún inú igbó kí igún má bàa run, "rẹsitọ́ràǹtì igún" ló máa kọ, torí pé bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó ṣe pè é. Àwọn mìíràn á ní "ilé oúnjẹ igún". Ilé wo? Kò sí òrùlé, kò sí ògiri, pápá gbalasa ni tàbí etí òkè, wọ́n gbé òkú màlúù síbẹ̀, wọ́n kúrò níbẹ̀, ó parí. Ẹni tó bá gbọ́ rẹsitọ́ràǹtì, ibi ìgbádùn ló máa wá sí i lọ́kàn, á máa rò pé àwọn kan kàn ń fowó ṣòfò lórí ẹyẹ ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni.

Àwọn tó fẹ́ràn gbólóhùn gígùn náà ò sàn jù wọ́n lọ: "ibùdó ìpèsè àfikún oúnjẹ fún àwọn ẹyẹ igún". Kẹ́ni tó ń kà á tó débi tó parí sí, ó ti gbàgbé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tún ní ká pè é ní "ìjẹ igún", èyí ló burú jù lójú tèmi, torí ìjẹ lohun tí apẹja ń fi sẹ́nu ìwọ̀, ohun tí wọ́n fi ń tan ẹran pa. Àwọn tó ń fi májèlé pa igún ló ń lo ìjẹ, ẹ wá fẹ́ mú orúkọ ohun tó ń pa igún fún ohun tó ń gbà á là? "Ìbọ́ igún" náà ò bá a mu. Ohun téèyàn ń bọ́ ni ẹran ọ̀sìn, igún sì rèé, ẹyẹ igbó ni, kò sẹ́ni tó ń sìn ín, ó lè fò ju 100 kìlómítà lọ lójúmọ́ kan, á jẹ níbì kan lónìí, ẹ lè máà tún rí i níbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ibùjẹ igún lèmi ń pè é. Ẹ wo ibùsùn, ibi tá a ń sùn sí ni. Ibùjókòó, ibi tá a ń jókòó sí. Ibùjẹ ti wà nínú èdè wa látayébáyé, ibi tí ẹran ti ń jẹun ni, a kì í lò ó fún èèyàn, kí ló tún kù tá à ń wá? Ẹnì kan bá mi jiyàn títí pé ibùjẹ, ti àgùntàn àti màlúù tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni, pé kò lè jẹ́ ti ẹyẹ. Mo ní kò sí okùn nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ibi ló ń tọ́ka sí. Àwọn ará Sípéènì gan-an, muladar ni wọ́n ń pe tiwọn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ń pe ibi tí wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran àti òkú ẹran sí, wọn ò lọ yá rẹsitọ́ràǹtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó sì mú kí n di ibùjẹ mú ni pé ọ̀rọ̀ náà sọ pé ibì kan pàtó ni. Ibi tí wọ́n mọ̀, òkúǹbete, ìyẹn òkú ẹran, tí wọ́n mọ ibi tó ti wá àti oògùn tó wọ ara ẹ̀ kó tó kú, ohun tó ń jẹ́ ibùjẹ igún nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka irú nǹkan báyìí ti mọ igún àti iṣẹ́ ẹ̀, mi ò ní í tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìyẹn. Mi ò sì ní í ya igún Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ sí ti Éṣíà àti Áfíríkà, òkúǹbete ni gbogbo wọn ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpèjúwe kan sọ bí ibùjẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá kan gbọ́ pé wọ́n ń ta oúnjẹ olóró lójú ọ̀nà tí ọmọ ẹ̀ ń gbà lọ sílé ìwé, kò sì lágbára tó fi lè lé àwọn tó ń tà á. Kí ló máa ṣe? Á rí i pé ọmọ yó dáadáa kó tó jáde. Ọmọ tó ti yó, lọ́pọ̀ ìgbà á kọjá lára oúnjẹ yẹn. Àmọ́ ọ̀nà jìn, ebi á tún pa á, ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa yà síbẹ̀. Bí ibùjẹ igún ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, ó ń dín iye ìgbà tí igún máa ko májèlé kù, májèlé ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyí tínú fi máa ń bí mi tí wọ́n bá ní ebi ló ń pa igún run níbi gbogbo. Ní Íńdíà, láàárín ọdún 1992 sí 2007, igún ẹ̀yìn funfun dín kù ju 99% lọ, òkú màlúù sì kún ilẹ̀ lákòókò yẹn, igún ń jẹ, ó ń yó, ó ń kú. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣèwádìí ní Pakistan jẹ́ kó hàn pé diclofenac ni, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù. Tí màlúù bá kú nígbà tí oògùn yẹn ṣì wà lára ẹ̀, igún tó bá jẹ ẹ́, kíndìnrín ẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò sì dìgbà tí gbogbo òkú màlúù bá ní in o, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún tó lè fa irú ìparun yẹn, torí igún tó ń péjọ sórí òkú màlúù kan ṣoṣo pọ̀ gan-an. Ní 2006, Íńdíà, Nepal àti Pakistan fòfin de ṣíṣe é fún ẹran, wọ́n ní kí wọ́n máa lo meloxicam tí kì í pa igún.

Ọdún 2006 yẹn náà ni wọ́n dá ibùjẹ sílẹ̀ ní Pithauli, ní Nepal, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Màlúù tó ti darúgbó tí àgbẹ̀ ò lè lò mọ́, tí wọn ò sì lè pa torí pé ohun ọ̀wọ̀ ni màlúù lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á gbà á, wọ́n á máa tọ́jú ẹ̀ láìsí diclofenac títí á fi kú fúnra ẹ̀, wọ́n á wá gbé e fún igún. Ẹ rí i pé ẹran mímọ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹran púpọ̀.

Ti Sípéènì yàtọ̀, ebi gidi ni tiwọn. Nígbà tí àrùn màlúù wèrè dá ìpayà sílẹ̀, òfin Yúróòpù ti ọdún 2002 ní kí wọ́n máa kó òkú màlúù kúrò nílẹ̀ kí wọ́n lọ run ún, bí wọ́n ṣe ti ọ̀pọ̀ muladar pa nìyẹn, igún ò rí nǹkan jẹ mọ́, àwọn darandaran bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé igún ń kọ lu ẹran àwọn láàyè. 2011 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ̀ débi tí àgbẹ̀ fi lè tún fi òkú ẹran sílẹ̀ láwọn àdúgbò tí ìjọba bá fọwọ́ sí.

Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé egungun ni wọ́n nílò, kì í ṣe ẹran. Ní South Africa, tí wọ́n ti ní ibùjẹ ní Giant's Castle lórí òkè Drakensberg láti 1966, wọ́n rí i láàárín àwọn ọdún 1970 pé egungun àwọn ọmọ igún Cape ń tẹ̀, ó ń kán. Àwọn àgbẹ̀ ti pa ìkookò, èyí tí Òyìnbó ń pè ní hyena, tán níbi tí wọ́n ti rí i, ìkookò ló sì máa ń rún egungun sí wẹ́wẹ́ tí igún fi ń rí èyí tó lè gbé fún ọmọ ẹ̀. Èyí tí ò rí, á lọ ṣa àfọ́kù àwo àti ike wálé. Wọ́n wá ń fọ́ egungun sí ibùjẹ.

Ibùjẹ náà ní wàhálà tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń da òkìtì ẹran sójú kan náà lójoojúmọ́, àwọn igún ńláńlá ló máa gba ibẹ̀, igún funfun kékeré tí wọ́n ń pè ní igún Íjíbítì á máa wo wọ́n láti òkèèrè, ìdí nìyẹn tó fi sàn fún un tí wọ́n bá ń fi díẹ̀díẹ̀ sí ibi púpọ̀. Lórí òkè Pyrenees, láàárín Sípéènì àti Faransé, ibùjẹ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn igún onírùngbọ̀n tí ò tíì dàgbà yè, àmọ́ ọmọ tí wọ́n ń bí ò tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i, àpéjọ ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún àwọn tó ní ìtẹ́ nítòsí.

Igún kì í sì í bí bí adìyẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹyin kan lọ́dún, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Ní Botswana lọ́dún 2019, igún 537 kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí òkú erin mẹ́ta tí àwọn ọdẹ tó ń pa ẹran lódì sófin fi májèlé sí, torí igún tó bá ń yí po lókè máa ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ ibi tí wọ́n ti pa erin. Ibùjẹ wo ló fẹ́ dí irú ihò yẹn? Àwọn condor ti California náà, igún ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tó ku 27 péré lágbàáyé lọ́dún 1987 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ ní 1992, wọ́n ń gbé òkú ọmọ màlúù tó mọ́ sílẹ̀ fún wọn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lọ jẹ ẹran tí ọta òjé wà lára ẹ̀, òjé sì ń pa wọ́n. 2019 ni òfin tó ní kí ọdẹ kankan má lo ọta òjé mọ́ ní ìpínlẹ̀ California tó múlẹ̀ pátápátá.