Jọ́nà ni àbí àpérò? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń ṣèwádìí èdè púrógíráàmù n'Ìbàdàn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti PhD tó ń ṣèwádìí lórí èdè púrógíráàmù àti sọ́fítíwíà sábà máa ń béèrè àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Èyí ni ìdáhùn wa.

Súpáfáísọ̀ mi ní jọ́nà làwọn fẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀, àpérò ni àwọn tí mò ń ka iṣẹ́ wọn ń gbé tiwọn lọ. Ti ta ni kí n gbọ́?

Ẹ gbọ́ ti àwọn méjèèjì. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀, iṣẹ́ tí kò tíì jinná ni wọ́n ń gbé lọ sí àpérò. Èyí tó bá jinná ni jọ́nà ń gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. POPL, àpérò èdè púrógíráàmù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, àti ICSE, àpérò sọ́fítíwíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, odidi iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Pépà POPL lè tó ojú ìwé 25 láìka àwọn ìwé tí ẹ tọ́ka sí mọ́ ọn, àwọn olùyẹ̀wò a sì tú u palẹ̀. Èyí tí wọ́n ń dá padà pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n nílé níbí, jọ́nà ni àwọn tó ń gbé olùkọ́ yunifásítì ga sábà máa ń kọ́kọ́ kà. Súpáfáísọ̀ yín ò ṣì yín lọ́nà.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni PACMPL. Ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Jọ́nà ni, ó ní ISSN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà), ó ní vólúùmù àti nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Inú rẹ̀ ni pépà POPL àti ti àwọn àpérò èdè púrógíráàmù mìíràn, ICFP àti OOPSLA, ti ń jáde. PLDI dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2023. Ní ti sọ́fítíwíà, jọ́nà ACM mìíràn, PACMSE, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àpérò FSE láti 2024. Tí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìgbéga, ẹ fi orúkọ jọ́nà, vólúùmù, nọ́ńbà àti ISSN síwájú, kí orúkọ àpérò tẹ̀lé e. Tí ẹ bá kọ "POPL" lásán, àfàìmọ̀ kí wọ́n má kà á sí ìpàdé kan ṣáá.

Jọ́nà tó bá ní kí ẹ sanwó kí pépà yín lè jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sá fún un.

Wọ́n kọ "AoE" sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèdéke. Aago mélòó nìyẹn?

AoE ni Anywhere on Earth, ìyẹn aago ibi tí ọjọ́ ti ń parí kẹ́yìn láyé. Wákàtí 13 ni AoE fi wà lẹ́yìn aago Nàìjíríà. Gbèdéke 11:59 alẹ́ níbẹ̀ jẹ́ 12:59 ọ̀sán ọjọ́ kejì n'Ìbàdàn. Ẹ má fi wákàtí yẹn kọ̀wé o. HotCRP, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ àpérò fi ń gba pépà, máa ń jẹ́ kí ẹ pààrọ̀ PDF títí gbèdéke á fi pé, nítorí náà ẹ ti gbé èyí tó wà lọ́wọ́ sókè lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí nẹ́tíwọ̀kì má baà já yín kulẹ̀ nígbà tí omi bá ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Kóòdù kan náà, laptop kan náà, àmọ́ iye tí mo rí lánàá kọ́ ni mo rí lónìí. Kí ló fà á?

Ẹ kọ́kọ́ wo iná. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí laptop bọ́ sórí bátìrì, ó sábà máa ń dín eré CPU kù kí bátìrì lè pẹ́. Tí ẹ bá wọn ìdajì lórí iná, tí ẹ wọn ìdajì lórí bátìrì, ẹ̀rọ méjì lẹ fi wọn iṣẹ́ kan. Ooru náà ń ṣe tiẹ̀: nínú yàrá kan l'Agbowó lọ́sàn-án gangan, tí fáànù ò yí, CPU tó gbóná jù á fúnra rẹ̀ rọ eré.

Ẹ so laptop mọ́ inverter. Lórí Linux, ẹ yí governor CPU (ètò tó ń darí eré rẹ̀) sí performance, ẹ pa turbo (àfikún eré tí CPU ń sá fún ìgbà díẹ̀), ẹ ti bíráósà. Ẹ jẹ́ kí script yín ka fáìlì ti ṣájà tó ń jẹ́ online, lábẹ́ /sys/class/power_supply, kí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí: 1 ni pé iná wà, 0 ni pé kò sí. Èyí tí 0 bá ti wọ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ tún un wọ̀n.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe rèé: wọ́n á wọn kóòdù àtijọ́ tán pátá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kóòdù tuntun tí wọ́n fẹ́ fi wé e. Ẹ máa gbà á ní àgbàtẹ̀lé, àtijọ́, tuntun, àtijọ́, tuntun. Ooru tó bá dé, àwọn méjèèjì ló máa jọ jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ Java, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń falẹ̀ torí JIT, tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, ò tíì ṣiṣẹ́ lórí kóòdù náà tán. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ẹ tún JVM (ẹ̀rọ tí Java ń sá lórí rẹ̀) ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ bíi ìgbà 30, kí ẹ wá kọ ìpíndọ́gba pẹ̀lú confidence interval rẹ̀ (àlàfo tó fi bí iye náà ṣe dájú tó hàn), kì í ṣe iye kan tó dùn mọ́ yín nínú.

Ní 2009, àwọn olùwádìí kan fi hàn pé bí environment variables (àwọn ètò tí púrógíráàmù ń bá lórí ẹ̀rọ) ṣe tóbi tó nìkan lè yí eré púrógíráàmù padà, títí kan bí linker, irinṣẹ́ tó ń so àwọn fáìlì kóòdù pọ̀, ṣe to àwọn fáìlì. Olùyẹ̀wò tó mọ èyí ò ní ka ìdá 2 nínú 100 tí ẹ fi yára sí nǹkan gidi, àyàfi tí ẹ bá fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn.

Wọ́n ti gba pépà mi, wọ́n tún ní mo lè mú artifact wá. Ṣé dandan ni?

Artifact ni kóòdù àti dátà tó wà lẹ́yìn pépà. Ní ọ̀pọ̀ àpérò, kì í ṣe dandan, àmọ́ ẹ ṣe é. Àpérò sọ́fítíwíà ESEC/FSE 2011 ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀: àwọn ẹlòmíràn á gbé kóòdù yín, wọ́n á ṣe é fúnra wọn wò bóyá iye inú pépà á jáde. Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí á lè fi ìyẹn gba iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́, ọ̀dọ̀ yòówù kó ti wá.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú Docker, irinṣẹ́ tó ń di púrógíráàmù àti ohun tó nílò sínú àpò kan (image), kí ẹ dárúkọ ẹ̀dà sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan pàtó. "Latest" tòní kọ́ ni tọdún tó ń bọ̀. Nínú README, ẹ kọ àṣẹ tó ń mú àwòrán tàbí tábìlì kọ̀ọ̀kan jáde, àti iye ìṣẹ́jú tó ń gbà. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni àdírẹ́sì fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /home/ àti orúkọ yín, tàbí image tí wọ́n ṣe lórí Mac tuntun tó ń lo irú CPU tí wọ́n ń pè ní ARM, tí kọ̀ǹpútà olùyẹ̀wò tó ń lo irú mìíràn, x86, ò lè ṣí dáadáa. Ẹ gbé e fún ọ̀rẹ́ tí kò rí i rí, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wò ó.

GitHub nìkan ò tó fún báàjì Available, àmì tó ń sọ pé artifact wà fún gbogbo èèyàn. Zenodo, ibi ìpamọ́ iṣẹ́ ìwádìí, ni kí ẹ kó o sí, ó ń fúnni ní DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà). Image tó tóbi á jẹ dátà yín tán kó tó gòkè, torí náà ẹ fi base kékeré (image tí ẹ gbé tiyín lé lórí) ṣe é.

Owó àti físà ńkọ́?

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba pépà yín gan-an ni kí ẹ béèrè lẹ́tà ìkésíni fún físà. SIGPLAN, ẹ̀ka ACM tó wà fún èdè púrógíráàmù, ní owó ìrìnàjò fún akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ ètò tó ń jẹ́ PAC, PLMW, ìpàdé ìtọ́sọ́nà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, sì wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sínú iṣẹ́ yìí. Ẹ tètè béèrè bóyá wọ́n á gbà kí ẹni tí ẹ jọ kọ ọ́ sọ̀rọ̀ dípò yín, tàbí kí ẹ sọ ọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ètò wọn tó tò tán.