Pé Omi Kì Í Wọnú Aago Kò Sọ Ọ́ Di Kọ̀ǹpútà Òmòòkùn

Ẹ yí smartwatch ọwọ́ yín padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àfàìmọ̀ kí ẹ má rí “50M” (mítà 50) tàbí “5 ATM” tó túmọ̀ sí ohun kan náà níbẹ̀, ìkọ̀wé wínníwínní. Ẹni tó fẹ́ gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, kó mòòkùn lọ sí mítà 18, á kà á, á ní: “Mítà 18 péré ni mò ń lọ, aago mi sì gbà dé 50. Kí ni mo tún fẹ́ fi kọ̀ǹpútà òmòòkùn ṣe?” Ẹ̀rọ kékeré tí òmòòkùn ń so mọ́wọ́ ni kọ̀ǹpútà òmòòkùn, ó ń sọ iye ìṣẹ́jú tó ṣì lè lò lábẹ́ omi. Ìṣirò ẹni yẹn jọ òótọ́ létí, àmọ́ ó wọ́ níbi méjì, èyí tó sì burú jù nínú méjèèjì kì í sábà sí lẹ́nu èèyàn.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ibi tí ẹ lè gbé aago dé. Agbára omi tí aago náà fara dà nílé ìdánwò ni, nígbà tó ṣì tuntun, tó dúró sójú kan, tí omi náà sì dúró jẹ́ẹ́. Apá òmòòkùn kì í dúró sójú kan. Rọ́bà tín-ín-rín tó ń dí omi lọ́nà ń gbó, ọṣẹ àti omi gbígbóná sì ń bà á jẹ́. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 22810 ni wọ́n fi ń dán irú aago ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ti aago òmòòkùn yàtọ̀: ISO 6425 ní kò gbọdọ̀ dín ní mítà 100, kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé agbára tí wọ́n kọ sí i lára nígbà ìdánwò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ìdánwò tirẹ̀. Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn aago òun tó jẹ́ mítà 50 wà fún ìlúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí kò jìn, kì í ṣe fún ìmòòkùn pẹ̀lú sílíńdà.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé ẹ̀kán omi kan ò wọ̀ ọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí omi má wọnú aago, ọ̀tọ̀ ni kí aago mọ ohun tí omi ń ṣe sí ẹni tó so ó mọ́wọ́.

Lójú omi, afẹ́fẹ́ ayé nìkan ló ń tẹ̀ wá. Tá a bá dé mítà 10 nínú òkun, ó ti di ìlọ́po méjì. Ní mítà 30, ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tí òmòòkùn ń fà símú gbọ́dọ̀ ní agbára kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lè mí. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ yẹn ni náítírójìn, ara kì í sì lò ó. Ṣe ló ń yòrò sínú ẹ̀jẹ̀, sínú iṣan, sínú ọ̀rá, sínú oríkèé. Bí omi bá ṣe jìn tó, tá a sì ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó, ni yóò ṣe pọ̀ tó. Kì í dunni, ara kì í mọ̀ pé ó ń wọlé.

Ẹ wo ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọn ò tíì ṣí. Ó pa rọ́rọ́. Ẹ já ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìfófòó á gba ẹnu ìgò; ẹ rọra tú u díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á bá ìrọ̀rùn jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara òmòòkùn tó ń gòkè bọ̀. Tó bá sáré gòkè, tàbí tó ti pẹ́ jù nísàlẹ̀, náítírójìn á hó nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹran ara rẹ̀. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní bends nìyẹn: oríkèé á máa ro, ara á máa ṣe yín-ìn-yín-ìn, ẹsẹ̀ lè rọ, ó sì ti pa èèyàn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fojú rí yìí ni kọ̀ǹpútà òmòòkùn ń ṣírò. Ní 1908 ni John Scott Haldane, onímọ̀ ará Scotland, gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́yìn tó ti fi ewúrẹ́ ṣe ìdánwò. Albert Bühlmann, dókítà kan ní Zurich, wá mú un gbòòrò dé ìpín 16, torí ibì kan lára ń tètè gba náítírójìn, ibòmíràn sì ń pẹ́: ìpín tó yá jù ń gba ìdajì ẹrù rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, èyí tó lọ́ra jù ń gba ju wákàtí 10 lọ. Kọ̀ǹpútà á máa wo bí omi ṣe jìn, á máa tún gbogbo ìpín náà ṣírò láìdánudúró, á sì máa sọ iye ìṣẹ́jú tó kù. Nínú tábìlì PADI, àjọ tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, ìṣẹ́jú 56 lèèyàn ní ní mítà 18, 20 péré ní mítà 30. Ẹni tó fi aago lásán ka ìṣẹ́jú 40 mọ̀ pé 40 ni. Kò mọ̀ bóyá 16 ló kù fún un bíi ti mítà 18, àbí ó ti fi 20 kọjá ààlà bíi ti mítà 30. Tó bá sì tún padà sínú omi lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà rántí ohun tó kù lára rẹ̀ láti àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kéèyàn máa yá kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ lò láàárín ọjọ́: ara ẹlòmíràn ló ń ṣírò.

Mi ò ní kí ẹ sọ smartwatch nù o. Àwọn kan jẹ́ kọ̀ǹpútà òmòòkùn ní tòótọ́. Garmin gbé Descent Mk1 jáde láti 2017. Apple Watch Ultra dé ní 2022, ó ń wọn ibú dé mítà 40, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Áàpù Depth tó bá a wá, ibú omi, àkókò àti bí omi ṣe tutù tó ló ń sọ. Áàpù Oceanic+ ló ń ṣírò náítírójìn, wọ́n sì máa ń gbowó kí wọ́n tó ṣí apá yẹn fúnni. Aago kan náà lè jẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹnì kan, kó jẹ́ aago lásán lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹ má sì jẹ́ kí EN 13319, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n kọ sí i tàn yín: pé ó ń wọn ibú àti àkókò bó ṣe yẹ ni ìyẹn ń sọ, kò kan náítírójìn.

Èyí tí ẹ lè dán wò nílé tún wà. Ẹ ri ọwọ́ tí ẹ fi so aago bọ inú abọ́ omi, kí ẹ wá máa fi ìka tẹ ojú rẹ̀. Kò ní gbọ́ràn, torí omi àti ìka jọra lójú rẹ̀. Bọ́tìnnì gidi ni òmòòkùn nílò, èyí tí á ṣeé tẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.

Bí èjìká bá ń ro ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, kó má wo ojú smartwatch. Ó lè sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa, kó sì jóòótọ́, síbẹ̀ kí ìfófòó wà nínú oríkèé rẹ̀. Kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn tí a kò lú lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ àìsàn òmòòkùn, kó sì sọ iye mítà àti iye ìṣẹ́jú tó lò nísàlẹ̀ fún un.