Bí Obìnrin Burúkú Inú Ìtàn Ṣe Ń Di Akọni: Ti Rogue Nínú Ẹgbẹ́ X-Men

Tí òǹkọ̀wé bá fẹ́ kí obìnrin burúkú inú ìtàn rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ àwọn akọni, ọ̀nà tó yá jù ni kó jẹ́ kí ó yófẹ̀ẹ́ fún ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ló ti gbà á. Ṣùgbọ́n bí ìfẹ́ ọkùnrin bá ti jẹ́ gbogbo ìdí, a kò rí ohun tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ rò kó tó yí padà.

Ti Rogue, obìnrin burúkú tó di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ akọni tí wọ́n ń pè ní X-Men, yàtọ̀. Ọdún 1981 ni Chris Claremont àti ayàwòrán Michael Golden gbé e jáde nínú ìwé àwòrán Marvel. Mystique ló tọ́ ọ dàgbà, ẹgbẹ́ ọ̀daràn ni wọ́n sì jọ wà. Bí awọ ara Rogue bá kan èèyàn, agbára àti ìrántí onítọ̀hún á wọ inú rẹ̀, á sì tún kúrò tó bá yá. Ó wá di Carol Danvers, akọni obìnrin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn X-Men, mú pẹ́ jù. Agbára Carol di tirẹ̀ pátápátá, ìrántí Carol náà sì jókòó sí i lórí.

Inú ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an ni Claremont ti fa ìdí ìyípadà yọ. Ní 1983, Rogue kúrò lọ́dọ̀ Mystique láìdágbére, ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Xavier, olórí àwọn X-Men, torí kò mọ èrò tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Carol mọ́. Ẹnikẹ́ni kò wàásù fún un. Ara ló ń ni ín, ó wá ìtọ́jú wá sílé ọ̀tá.

Àwọn X-Men yarí. Carol fúnra rẹ̀ wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹ̀ṣẹ́ ló sì fi kí i káàbọ̀. Ó yẹ kí wọ́n yarí bẹ́ẹ̀: bí àwọn akọni bá tètè gba ẹni tó ṣe ọ̀rẹ́ wọn níbi, a jẹ́ pé ọ̀rẹ́ náà kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Xavier nìkan ló ta kú pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ òun wà fún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Japan. Wolverine, ọ̀kan nínú àwọn X-Men tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àtijọ́ Carol, kò fẹ́ rí Rogue sójú rárá. Nígbà tí ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ Viper yìnbọn sí Mariko, àfẹ́sọ́nà Wolverine, Rogue ló bọ́ síwájú tó gba iná náà sára, ó sì kù díẹ̀ kó kú. Wolverine fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kí agbára tó ń mú ọgbẹ́ òun jiná lè wọ inú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun ṣe ń fún un lágbára yìí, òun fúnra òun á di aláìlágbára.

Carol kò dárí jì í. Ó bá àwọn Starjammers, ẹgbẹ́ kan tó ń rin ìrìn àjò láàárín àwọn ìràwọ̀, lọ sí òfuurufú, Claremont kò sì fi ipá mú un láti gbá Rogue mọ́ra kí ìtàn lè tẹ̀ síwájú. Gbèsè náà wà níbẹ̀. Ní 1988, nígbà tí wọ́n mú Rogue ní erékùṣù Genosha tí agbára rẹ̀ sì lọ, Carol inú ìrántí tó jókòó sí i lórí ló gba ara náà lò láti jà.