Omi Tó Ń Padà Ló Ń Ya Fọ́tò Òwúrọ̀ Etíkun

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé kámẹ́rà lọ sí etíkun Èkó ní ìdájí ló ń retí pé oòrùn máa yọ láti inú omi, gan-an níwájú wọn. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù ni etíkun yẹn kọjú sí, láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti Kútọnu. Ẹni tó bá kọjú sí òkun níbẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ìlà-oòrùn wà. Ní oṣù kẹfà, ẹ̀yìn ilé àti igi àgbọn loòrùn ti ń yọ. Ní oṣù kejìlá tó sún mọ́ ìhà òkun jù, nǹkan bíi dígírì 23 péré ló fi ń yà sí gúúsù, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ náà ni.

Àwọn kan ka èyí sí àbùkù. Àǹfààní ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti iwájú wá máa ń sọ gbogbo nǹkan di òjìji, àmọ́ èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá máa ń la orí ìgbì kọjá níbi tí omi ti fẹ́lẹ́, á sì tàn ní àwọ̀ ewé kí ó tó wó. Ṣùgbọ́n kò sí àkókò láti fi ṣòfò: ibí kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, lóòró loòrùn ń gòkè, ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ tó dára kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ.

Ti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé àti ti kí òkun má dà sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú fọ́tò, gbogbo ènìyàn ti gbọ́ ìyẹn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìgbà tí omi bá ń padà. Nígbà tí ìgbì bá wó, ìfófòó ló máa ń kún ibi gbogbo, kò ní ìrísí kankan. Tó bá yí padà sí òkun ló ń fa ìlà, tí ìlà náà ń yípo òkúta. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá sí ẹyọ kan, ìlà wọ̀nyẹn á hàn. Bí ó bá ṣí fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, omi á di kùrukùru.

Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Abẹ́òkúta á tètè lóye èyí. Ibi tí wọ́n bá fi láfún kùn, aró kì í mú un. Òkúta ni láfún inú fọ́tò yìí: kò mira, ó hàn kedere. Omi ni aró. Aṣọ tí wọ́n rẹ fìrí kò ní mu aró. Èyí tí wọ́n rẹ jù, láfún á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ọnà á sì dàrú. Ibi tí àfiwé yìí ti kùnà ni pé aṣọ ṣeé tún rẹ, ìgbì kan náà kì í padà wá.

Wàhálà Èkó ni pé iyanrìn lásán ni etíkun rẹ̀. Òkúta tó wà níbẹ̀, wọ́n kó o wá ni. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti to àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà èbúté, kí iyanrìn má baà dí ojú ọ̀nà ọkọ̀ òkun. Iyanrìn wá dúró sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní ìhà kejì. Òkúta tó ba etíkun jẹ́ yìí kan náà ni ayàwòrán ń wá kiri.

Tó bá wá kan àríwísí, “àwọ̀ yìí mà dára o” kì í ṣe àríwísí. Kí olùwòye fi àtàǹpàkò bo oòrùn inú fọ́tò. Bí kò bá sí ohun tó kù láti wò, fọ́tò oòrùn ni, kì í ṣe ti òkun. Lẹ́yìn náà, kí ó wo ìfófòó tó wà ní ibi òjìji. Ojú ọ̀run nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ibẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ó ní búlúù díẹ̀ lára. Bí òun náà bá pọ́n bí epo pupa, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí oòrùn ń yọ ní funfun nínú eruku, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti po àwọ̀ náà.