Ìrìn omi lábẹ́ ilẹ̀

Omi òjò tó wọlẹ̀ kì í rìn tààrà dé ìdí kànga. Ó kọ́kọ́ ń gba inú ilẹ̀ tí omi kò kún, níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti jọ ń pín àwọn ihò tíntìntín àárín erùpẹ̀ lò. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ilẹ̀ tó kún fọ́fọ́. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ojú omi kànga máa ń wà. Ó ń gòkè lásìkò òjò, ó sì ń wálẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nínú ilẹ̀ tó kún, òfin tí Henry Darcy, ará Faransé, gbé jáde lọ́dún 1856 ló ń ṣiṣẹ́. Ó da omi gba inú iyanrìn ní ìlú Dijon, ó sì rí i pé bí omi apá kan bá ṣe ga ju ti apá kejì lọ tó ni yóò ṣe yára tó, àti pé bí iyanrìn náà bá ṣe gùn sí i ni omi ń falẹ̀ sí i. Irú ilẹ̀ ló kù. Iyanrìn oníhóró ńlá lè jẹ́ kí omi kọjá ní ìlọ́po mílíọ̀nù ju amọ̀ lọ. Níbi tí wọ́n bá ti to léra wọn, omi tó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò gba inú iyanrìn, ṣùgbọ́n amọ̀ ló ń pinnu bí èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ ṣe máa yá tó, ì báà jẹ́ mítà 1 péré láàárín mítà 20 iyanrìn.

Lókè, níbi tí omi kò kún, ọ̀rọ̀ yí padà. Erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fa omi mọ́ra bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo gòkè, ihò tó kéré ló sì ń fà jù. Bí ilẹ̀ bá ń gbẹ, àwọn ihò ńlá inú iyanrìn ló kọ́kọ́ ń sófo, ọ̀nà omi á sì já. Nípa bẹ́ẹ̀, iyanrìn gbígbẹ lè di omi lọ́nà ju amọ̀ lọ. Bí erùpẹ̀ kíkúnná bá wà lórí òkúta wẹ́wẹ́, omi kì í bọ́ sínú òkúta náà àfi ìgbà tí erùpẹ̀ òkè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ rin gbingbin, ohun tí ojú lásán kò ní gbà gbọ́. Edgar Buckingham ló ṣàlàyé ìfàmọ́ra yìí lọ́dún 1907. Lorenzo Richards sọ ọ́ di ìṣirò lọ́dún 1931, ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ṣì ń lò.

Irú ilẹ̀ onípele bẹ́ẹ̀, iyanrìn àti amọ̀ tó to léra wọn, tẹ́ lọ létíkun láti ìlà-oòrùn Ghánà, gba Tógò àti Benin, dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Inú rẹ̀, ní Godomey ní Benin, ni wọ́n ti ń fa omi fún ìlú Kútọnu. Òjò tó ń rọ̀ sórí ilẹ̀ gíga Allada ní àríwá wà lára ohun tó ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n adágún Nokoué, tí abúlé Ganvié wà lórí rẹ̀, kò jìnnà sí àwọn kànga náà, omi òkun sì máa ń sọ ọ́ di oníyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń fa ojú omi kànga wálẹ̀ ni omi adágún ń rí ọ̀nà rìn síhà ibẹ̀, àwọn kànga kan ní ẹ̀bá adágún sì ti níyọ̀. Ibi tí amọ̀ bá ti nípọn, iyọ̀ á pẹ́ kó tó dé. Ibi tí amọ̀ bá ti já, kì í pẹ́.