Nọ́ńbà Àkọ́kọ́ Kì Í Gba Ife: Ìgbàgbọ́ Òdì Nípa Draft Bọ́ọ̀lù Ọsirélíà

Bó bá ti di oṣù Kẹjọ, tí sáà bọ́ọ̀lù Ọsirélíà ń parí lọ, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ tábìlì: "Ẹ jẹ́ ká kúkú máa pàdánù lọ. Tá a bá gbẹ́yìn, àwa la máa kọ́kọ́ yan ọmọ tuntun, ọmọ yẹn ló sì máa gbà wá." Tó bá wá di oṣù Kẹwàá, tí àkókò pàṣípààrọ̀ ṣí, àwọn kan náà á tún máa lọgun pé wọ́n ti rẹ́ ẹgbẹ́ àwọn jẹ, torí pé ó gbé nọ́ńbà 8, ìyẹn àyè kẹjọ láti yan ọmọ tuntun, sílẹ̀, ó gba nọ́ńbà 14 àti 22. Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ló bí ọ̀rọ̀ méjèèjì: pé nọ́ńbà tí wọ́n fi yan ọmọ ni òṣùwọ̀n bí ọmọ náà ṣe máa dáńgájíá tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ìgbàgbọ́ yìí sì ti ṣe àwọn ẹgbẹ́ tó gbé e karí léṣe gan-an.

Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù nìkan ní láti kọ́kọ́ mọ bí tibí ṣe yàtọ̀. Ẹgbẹ́ 18 ló wà nínú AFL, ìdíje tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù Ọsirélíà, olówó inú wọn kò sì lè fi owó kó gbogbo ọmọ tó bá wù ú. Ààlà wà lórí àpapọ̀ owó tí ẹgbẹ́ lè san fáwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ọdún 18, kì í sì í fúnra wọn yan ibi tí wọ́n máa lọ. Láti 1986 ni wọ́n ti ń ṣe draft: ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn nínú ìdíje á kọ́kọ́ mú ọmọ kan, èyí tó ṣáájú rẹ̀ á mú tirẹ̀, títí á fi kan ẹni tó gba ife, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára, kí aláìlágbára lè gbérí. Ẹgbẹ́ lè fi àyè rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, kó fi gba agbábọ́ọ̀lù tó ti gbó nínú iṣẹ́ tàbí kó fi gba àyè mìíràn. Láti 2015, ó tiẹ̀ lè fi àyè ọdún tó ń bọ̀ ṣe é.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Melbourne. Nígbà kan, òfin wà pé ẹgbẹ́ tí kò bá borí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ fún ọdún méjì léraléra máa gba àyè àfikún kan tó máa ṣáájú ti gbogbo èèyàn. Melbourne gbẹ́yìn ní 2008. Ní 2009, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló borí, ó sì tún gbẹ́yìn. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan pẹ̀lú Richmond lọ́dún yẹn, wọ́n fi àwọn agbábọ́ọ̀lù Melbourne kan sí ipò tí kò mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn tí fèrè ìparí ti dún ni Jordan McMahon ti Richmond gbá bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé, Melbourne sì pàdánù. Àwọn alátìlẹ́yìn Melbourne kan wà tí inú wọn dùn sí i. Ìyẹn ni mo kà sí ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti burú jù: kí èèyàn jókòó sí pápá, kó máa gbàdúrà kí wọ́n lu ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn.

Nọ́ńbà 1 àti nọ́ńbà 2 bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lóòótọ́. Wọ́n fi ti àkọ́kọ́ mú Tom Scully, wọ́n fi èkejì mú Jack Trengove. Richmond, tó ní nọ́ńbà 3, mú Dustin Martin. Scully lo sáà méjì péré kó tó gba GWS lọ, ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Sydney. Wọ́n fi Trengove ṣe ọ̀kan lára balógun méjì tí ẹgbẹ́ náà ní ní 2012, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ẹrù yẹn wúwo jù fún èjìká tí kò tíì gbó, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún dá a dúró lẹ́yìn náà. Ní ti Martin, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ Brownlow ti 2017, ìyẹn ti agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ́dún, ó sì gba Norm Smith, ti ẹni tó ta yọ jù nínú àṣekágbá, ní 2017, 2019 àti 2020. Kò sí ẹlòmíràn tó gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí. Nígbà tí AFL parí ìwádìí lórí sáà 2009 yẹn, ní 2013, wọ́n ní àwọn kò rí i pé ẹgbẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, síbẹ̀ wọ́n ní kí Melbourne san owó ìtanràn 500,000 dọ́là, wọ́n sì lé Dean Bailey tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà àti Chris Connolly tó ń bójú tó ọ̀ràn bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fúngbà díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù rèé. Nínú draft 2009 kan náà, nígbà tí ariwo Scully àti Trengove gba ìlú kan, Melbourne fi nọ́ńbà 34 mú ọmọ gíga kan tí wọ́n ń pè ní Max Gawn. Orúnkún rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ láwọn ọdún àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì retí nǹkan ńlá lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Melbourne gba ife ní 2021, èyí tí wọn ò fojú rí láti 1964, Gawn ni balógun tó gbé e sókè. Òótọ́ ni pé Christian Petracca, tó ta yọ jù nínú àṣekágbá ọjọ́ náà, jẹ́ nọ́ńbà 2 ọdún 2014, Clayton Oliver sì jẹ́ nọ́ńbà 4 ọdún 2015, mi ò ní fìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí wọ́n torí wọn tàbùkù sí odindi sáà kan kò sí níbẹ̀.

Carlton ṣe tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà 1 wà lọ́wọ́ wọn lọ́dún mẹ́ta tẹ̀ léra: Marc Murphy ní 2005, Bryce Gibbs ní 2006, Matthew Kreuzer ní 2007. Agbábọ́ọ̀lù gidi ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n ṣi ọmọ yàn. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbá àṣekágbá fún Carlton, ife tí ẹgbẹ́ náà gbà kẹ́yìn sì jẹ́ ti 1995. Ní 2007, Richmond ló gbẹ́yìn gan-an, àmọ́ òfin àyè àfikún yẹn gbé Carlton ṣáájú wọn. Àwọn èèyàn fi orúkọ Kreuzer pe ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Carlton àti Melbourne fi parí sáà náà, bí ẹni pé ọmọ náà ni ife tí wọ́n ń du, ẹni tó bá pàdánù ni yóò gbà á. Carlton ló pàdánù, Carlton ló mú Kreuzer. Richmond fi nọ́ńbà 2 mú Trent Cotchin, ẹni tó di balógun wọn, tó sì gbé ife fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kí ló dé tí nọ́ńbà fi ń tan èèyàn jẹ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ìsọ̀ ló ń ṣa iṣu tó wù ú, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó ń rí inú iṣu kó tó gbé e délé. Ọmọ ọdún 18 ni wọ́n ń yàn. Ara rẹ̀ kò tíì parí dídàgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ti ń bá gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún ló máa dojú kọ láìpẹ́. Ní 2006, iyèméjì wà nípa orúnkún Joel Selwood, ẹgbẹ́ mẹ́fà sì ti yan ọmọ kọjá rẹ̀ kí Geelong tó fi nọ́ńbà 7 mú un. Ife mẹ́rin ló bá wọn gbà, òun sì ni balógun wọn nígbà èyí tó kẹ́yìn, ní 2022. Nọ́ńbà 79 ni James Hird ti Essendon ní 1990, ó sì gba Brownlow ní 1996. Dane Swan jẹ́ 58 ní 2001, òun náà gba tirẹ̀ ní 2011.

Ohun kejì tí àwọn alátìlẹ́yìn kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ilé tí ọmọ bọ́ sí máa ń tún un ṣe tàbí kó bà á jẹ́. Nọ́ńbà 1 sábà máa ń bọ́ sí ilé tó ti dàrú. Wọ́n ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá tàbí kí wọ́n máa múra àtilé e, àwọn àgbà tó yẹ kó fọ̀nà han ọmọ náà ti lọ tán, wọ́n á wá gbé ìrètí gbogbo ìlú lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé lórí. Jason Horne-Francis ni North Melbourne fi nọ́ńbà 1 mú ní 2021. Sáà kan ṣoṣo ló lò, ẹgbẹ́ náà sì gbẹ́yìn, ló bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí Port Adelaide. Mi ò bá àwọn tó bú ọmọ náà lọ. Ọmọ kan kò lè tún ilé tí àgbàlagbà bàjẹ́ kọ́.

Òmíràn tún wà: nọ́ńbà tí ẹ rí lórí tábìlì lóṣù Kẹsàn-án lè má jẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ máa lò ní ọjọ́ draft. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 100 fún ẹgbẹ́ kan lè lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ẹgbẹ́ kan bá tọ́ dàgbà nínú ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tirẹ̀, tí òfin bá fàyè gbà á. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá pe orúkọ ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tó ni ín á fi àwọn àyè tirẹ̀ san máàkì, ìyẹn iye tí wọ́n kà sí àyè kọ̀ọ̀kan, tó bá àyè yẹn mu, á mú ọmọ rẹ̀, gbogbo àwọn tó kù á sì sún sẹ́yìn. Ní 2020, Adelaide gbẹ́yìn fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Wọ́n pe orúkọ Jamarra Ugle-Hagan ní nọ́ńbà 1, Western Bulldogs, tó wà lára ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó lọ du ife lọ́dún náà, san máàkì, wọ́n sì mú ọmọ wọn. Nọ́ńbà 2 ni Adelaide padà fi mú Riley Thilthorpe.

Tábìlì máàkì yìí gan-an ló ń jẹ́ kí ìgbàgbọ́ òdì náà dà bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní 2015, nọ́ńbà 1 jẹ́ 3,000, nọ́ńbà 2 jẹ́ 2,517, nọ́ńbà 3 jẹ́ 2,234, nígbà tó bá fi dé 18, ó ti di 985. Wọ́n ti tún un tò láìpẹ́ yìí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń fi máàkì ro pàṣípààrọ̀, wọ́n á ní "a jèrè 300", "a pàdánù 450". Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ni kí ẹgbẹ́ tó ń mú ọmọ tirẹ̀ lè san ohun tó tọ́. Ìpíndọ́gba ló wà nínú rẹ̀, òótọ́ sì ni ìpíndọ́gba yẹn: bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n fi nọ́ńbà kékeré yàn jọ, wọ́n máa ta yọ ju ọgọ́rùn-ún tí wọ́n yàn lẹ́yìn lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í mú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ kan ló ń mú, ìpíndọ́gba ò sì lè sọ fún un bóyá ọmọ yẹn ni Scully tàbí Martin.

Collingwood mọ̀ ọ́n lò. Ní 2020, wọ́n fi àyè àkọ́kọ́ wọn ti 2021 lé GWS lọ́wọ́. Nígbà tí Collingwood wá ṣe ipò 17 ní 2021, àyè yẹn di nọ́ńbà 2, àwọn alátìlẹ́yìn wọn sì fárí gá. Àmọ́ Nick, ọmọ Peter Daicos tó jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká wọn láyé àtijọ́, ń bọ̀ lọ́dún yẹn, àwọn àyè kéékèèké láti ẹ̀yìn ni wọ́n sì kó jọ, tí wọ́n fi san máàkì rẹ̀ nígbà tí Gold Coast pe orúkọ rẹ̀ ní nọ́ńbà 4. Lẹ́yìn ọdún méjì, Nick wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ojú àmì mẹ́rin na Brisbane, tí wọ́n gba ife 2023.

Nínú gbogbo pàṣípààrọ̀ tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, èyí tí Hawthorn àti Fremantle ṣe ní 2001 ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo alátìlẹ́yìn mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Hawthorn fún Fremantle ní Trent Croad àti Luke McPharlin, wọ́n gba nọ́ńbà 1, 20 àti 36. Wọ́n fi 1 mú Luke Hodge, ẹni tó di balógun nígbà tí wọ́n gba ife lọ́dún mẹ́ta léraléra, 2013 sí 2015. Ẹni tí wọ́n fi 20 mú, orúkọ rẹ̀ ò dún. Nọ́ńbà 36, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ni wọ́n fi mú Sam Mitchell, ọmọ tí wọ́n ní ó kúrú, tí wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá. Fremantle náà kò ṣòfò tán, torí McPharlin sìn wọ́n títí di 2015. Croad lo sáà méjì lọ́hùn-ún kó tó padà sí Hawthorn, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ife ní 2008, lábẹ́ Mitchell tó jẹ́ balógun.